Wọ́n ní kí ọmọ mi já ìdè Ifá ọwọ́ rẹ̀ nílé ìwé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Awo, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, èyí ló kọ́kọ́ mú mi kọ nǹkan.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1 nílé ìwé ìjọba kan nílùú Ọ̀yọ́ níbí. Babaláwo ni bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ni ìdè ti wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aláwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú, kò fẹ̀ tó okùn aago.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n tò sí láàárọ̀, tíṣà kan pè é jáde lójú gbogbo ọmọ ilé ìwé, ó ní kó já oògùn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọmọ ní òun kò lè já a. Tíṣà ní kí wọ́n lọ mú sísọ́ọ̀sì wá. Ọmọ fi ọwọ́ kejì bo ìdè náà, ó bú sẹ́kún. Tíṣà mìíràn ló bá a bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi jẹ́ kó padà sórí ìlà, àmọ́ wọ́n ní bó bá tún wọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí, kó má wọlé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi áńkáṣíìfù wé ọrùn ọwọ́ kó tó kúrò nílé, torí ṣẹ́ẹ̀tì wọn kò lápá gígùn.

Nǹkan kejì rèé. Nínú fọ́ọ̀mù tí a kọ nígbà tó ń wọlé, Kristẹni àti Mùsùlùmí nìkan ló wà níbi ẹ̀sìn. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Ìṣẹ̀ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan. Síbẹ̀, kíláàsì CRK, ìyẹn ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni, ni wọ́n fi ọmọ sí.

Ṣé òfin wà tó gbè wá? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọdún mẹ́fà ni ọmọ yìí máa lò níbẹ̀, n kò fẹ́ kí gbogbo tíṣà máa wò ó bí ọ̀tá.

Baba Kòso

Ìyá Awo, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni! Ẹ gbé wọn lọ kóòtù. Supreme Court ti dá ẹjọ́ hijab, ó tán. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá lè wọ hijab, ọmọ Ifá lè wọ ìdè. Nílùú Ọ̀yọ́, níbi tí UNESCO ti forúkọ ọdún Ṣàngó wa sílẹ̀ ní 2023 pé ogún gbogbo aráyé ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe ìdè ní oògùn! Ó dùn mí dé eegun.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Mo kí yín o. Mo ti ṣe tíṣà, mo sì ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Òfin ilé ìwé wà pé kí ọmọ má wọ yẹtí tó ń dán, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń jí i, wọ́n sì ń fi ṣe fáàrí síra wọn. Ó ṣeé ṣe kí tíṣà yẹn ka ìdè mọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Ti sísọ́ọ̀sì tó ní kí wọ́n mú wá àti orúkọ tó pè é, kò dára, n kò ní gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ kóòtù kọ́ ni ibi àkọ́kọ́. Kí bàbá àti ìyá jọ wọ aṣọ tó bójú mu, kí wọ́n lọ rí ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè òfin náà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Bí wọn kò bá gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè ní kí ọmọ máa fi sínú àpò títí wọ́n á fi jáde, kó lè ríbi jókòó kẹ́kọ̀ọ́.

Baba Kòso

Ẹ forí jì mí sà, ẹ ò ní sọ fún ọmọ Alhaja kó fi hijab sínú àpò títí wọ́n á fi jáde.

Ìyá Awo, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá rẹ̀ ní wọn kì í bọ́ ọ báyẹn, òun ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ hijab wà nílé ìwé náà, ẹnikẹ́ni kì í dá wọn lóhùn. Ọmọ mi tún ní ẹnì kan ní kíláàsì òun tó ń fi àgbélébùú kékeré sọ́rùn, kò fi pamọ́, wọn kò sì bá a wí.

Lọ́yà Agúnpopo

Ìyá Awo, ohun tí ẹ kọ gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ Baba Kòso ṣe díẹ̀, torí bí ẹ bá gbé e lọ báyẹn, wọ́n á fi òfin dá yín lóhùn. Ẹjọ́ hijab tí Supreme Court dá ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, 2022, ẹjọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ọmọ Mùsùlùmí ni. Adájọ́ márùn-ún gbà pé kí àwọn ọmọ náà máa wọ hijab, méjì kò gbà. Ilé ìwé ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Wọn kò dárúkọ ìdè Ifá níbẹ̀. Ohun tí ẹ rí gbà nínú rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé, ìyẹn abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999, àwọn kóòtù tó wà nísàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìpìlẹ̀ yẹn. Ẹ tún wo bó ṣe pẹ́ tó: kóòtù gíga Èkó dá àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà lẹ́bi ní oṣù kẹwàá 2014, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre ní oṣù keje 2016, ó di 2022 kó tó parí. Ọmọ tó wà ní JSS 1 nígbà ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti jáde kí tìkẹyìn tó dé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹ sáré lọ sí kóòtù.

Ní ti òfin fúnra rẹ̀: abala 38(1) fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ẹ̀sìn tó wù ú, láti yí i padà, àti láti fi hàn nínú ìjọsìn, ìkọ́ni àti ìṣe, ní kọ̀rọ̀ tàbí ní gbangba. Kò sọ pé ẹ̀sìn méjì péré. Abala 38(2) ló kan ọ̀rọ̀ CRK: wọn kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú ọmọ ilé ìwé gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kó lọ síbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala 10 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 42 kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Abala 45 gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú, ìlera àwùjọ, ìwà ọmọlúàbí tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Esabunor, Supreme Court ní dókítà tó fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ ìkókó tó ń kú lọ lára kò jẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀. Ẹ̀mí ọmọ ló borí ìgbàgbọ́ ìyá. Kí ẹ mọ̀ pé wọ́n lè bi yín: kí ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń pa lára? Ìdáhùn yín rọrùn. Kò pa nǹkankan lára. Lójú tèmi, abala 45 ń sọ ti òfin, ohùn tíṣà lórí ìlà kì í ṣe òfin.

Alhaja Sábó

As-salāmu alaykum fún ẹni tó kàn, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ fún ẹ̀yin yòókù.

Ìyá Awo, mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Wọ́n lé ọmọ mi obìnrin jáde ní kíláàsì rí nítorí hijab, nílé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ohun tí ojú mi rí nìyí: lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá gbà lókè pé kó wọ̀ ọ́, àwọn tíṣà kan ṣì ń dà á láàmú nísàlẹ̀. Wọ́n á ní kó jókòó sẹ́yìn, wọn kò ní pè é bó bá nawọ́, wọ́n á máa fi ìdánwò dẹ́rù bà á. Ìwé òfin kò dé ibẹ̀ yẹn. Ohun tó dé ibẹ̀ ni kí òbí máa yọjú. Mo ń lọ sípàdé PTA, n kì í pa á jẹ, mo ń kí tíṣà tó ń fín ọmọ mi níràn tẹ̀ríntẹ̀rín, mo sì ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ọjọ́, àkókò, ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ń sọ fún tíṣà pé "bàbá mi ní n kò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ," àfojúdi ni wọ́n á kà á sí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, àmọ́ ti inú àpò yẹn kò dáa. Ọmọ á máa rò pé ohun tí bàbá òun fún òun, ohun ìtìjú ni.

Alákòóso

Fún gbogbo wa: ẹ má dárúkọ ilé ìwé tàbí tíṣà kankan níbí.

Olùṣọ́ Àgùntàn Ìlorà

Oníwàásù ni mí, ìjọ Baptist. N kò gbà pé Ifá ni ọ̀nà ìgbàlà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yìí burú, mo sì fẹ́ kí àwọn Kristẹni tó ń kà á gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Thomas Helwys, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìjọ Baptist àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí Ọba James ní 1612 pé ọba kò láṣẹ lórí ọkàn èèyàn, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe Júù. Wọ́n tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ló kú sí. Ìwẹ̀ wa jẹ́ ti ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Bí mo bá gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ tíṣà láti já ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni mo tún fẹ́ wàásù fún un?

Ohun kan tí Lọ́yà kò mẹ́nu bà: abala 38(3). Ìjọ tó ní ilé ìwé tirẹ̀ pátápátá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Ilé ìwé púpọ̀ lọ́dọ̀ wa ń jẹ́ orúkọ ìjọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ti ìjọ ni wọ́n ṣì jẹ́. Kí Ìyá Awo rí i dájú pé ti ìjọba ni.

Lọ́yà Agúnpopo

Olùṣọ́, ẹ ṣeun, òótọ́ ni. Àmọ́ "pátápátá" inú abala yẹn ni kí ẹ wò. Bí ìjọba bá ń san owó oṣù àwọn tíṣà rẹ̀, tí TESCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ tíṣà, ló ń gbé wọn kiri, orúkọ ìjọ tó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà kò sọ ọ́ di ti ìjọ.

Ìyá Awo, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

TESCOM ló ń gbé wọn wá. Ìjọba ni.

Ọ̀dọ́ Jóbélè

Èmi rò pé kí gbogbo wọn kúkú yọ gbogbo rẹ̀: hijab, àgbélébùú, ìdè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní France, ìjà á tán.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Texas

Ẹ kú ilé o. Àbúrò Jóbélè, ìjà kò tán ní France. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹta 2004 wà fún ilé ìwé ìjọba, kò kan yunifásítì. Ohun tó fòfin dè ni àmì ẹ̀sìn tó hàn gbangba: ìborí, fìlà àwọn Júù, àgbélébùú ńlá. Ó gba àmì kékeré láyè. Nítorí náà, àní ní France, ó ṣeé ṣe kí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí Ìyá Awo ń sọ yìí kọjá. Ní 2023 wọ́n tún fi abaya, aṣọ gígùn àwọn obìnrin Mùsùlùmí, kún un, àríyànjiyàn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká kó ìyẹn wá sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, torí ẹ̀sìn wa gan-an ni. Ní 1987, àwọn olórìṣà tó ti Kúbà wá, ìjọ Lukumí Babalú Ayé, fẹ́ kọ́ ilé ìsìn ní Hialeah ní ìpínlẹ̀ Florida. Ìgbìmọ̀ ìlú náà sáré ṣe òfin pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹran rúbọ. Ẹran tí àwọn Júù ń pa nílànà ẹ̀sìn wọn kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń pẹja kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: òfin tó ń fo gbogbo èèyàn, tó wá lọ balẹ̀ sórí olórìṣà nìkan. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti Supreme Court Amẹ́ríkà fọwọ́ kan náà fagi lé e. Ní Texas níbí, olórìṣà kan ní ìlú Euless tún jàre irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2009. Ní Bùràsílì, kóòtù tó ga jù lọ fọwọ́ sí ẹbọ àwọn ẹlẹ́sìn tó ti Áfíríkà wá ní 2019.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí: bí ilé ìwé bá ní ẹ̀gbà ọwọ́ ni a ń lé, tí hijab àti àgbélébùú ń kọjá, ìdè nìkan ni òfin náà balẹ̀ lé. Òun ni kí ẹ gbé síwájú wọn. Ẹ má bá wọn jiyàn bóyá Ifá tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

Èyí tó tún bá ti yín mu jù ni ti South Africa. Ọmọbìnrin ará Íńdíà kan ní Durban fi nǹkan wínníwínní sí imú. Ilé ìwé ní ohun ọ̀ṣọ́ ni, kó yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní ìṣe ìdílé ni, pé bó bá pé ọmọ ọdún 16, ìyá àgbà rẹ̀ á fi èyí tó jẹ́ dáyámọ́ǹdì rọ́pò rẹ̀. Ẹjọ́ Pillay ni wọ́n ń pè é, Constitutional Court dá a ní oṣù kẹwàá 2007. Ilé ìwé ní kò pọn dandan nínú ẹ̀sìn náà. Kóòtù ní kò di ìgbà tó bá pọn dandan, bó bá ti jẹ́ ohun tí ọmọ náà fi ọkàn tòótọ́ dì mú, ó yẹ kí ilé ìwé yẹ ẹsẹ̀ fún un. Wọ́n sì ní kí ilé ìwé tún òfin rẹ̀ kọ.

Lọ́yà Agúnpopo

Ẹ̀gbọ́n Texas, mo gbádùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà rò pé ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè de adájọ́ wa. Ó lè gbọ́ ọ, kò di dandan kó tẹ̀lé e. Ẹ sì mọ̀ pé gbogbo ẹjọ́ kọ́ ni wọ́n ń jàre: ní Kenya, àwọn ọmọ Mùsùlùmí jàre hijab ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Supreme Court wọn sì dà á nù ní 2019 nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé ẹjọ́ náà wá kò tọ́. Bí a bá ṣe rìn ṣe pàtàkì.

Ọmọ Awẹ́

Ghana náà wà ńbẹ̀. Ní 2021, ilé ìwé Achimota ní kí ọmọ Rasta méjì gé irun kí wọ́n tó wọlé. Kóòtù gíga ní Accra ní kí wọ́n gbà wọ́n wọlé pẹ̀lú irun wọn. Oṣù díẹ̀ péré ló gbà, kì í ṣe ọdún mẹ́jọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Ilé Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n já ìlẹ̀kẹ̀ mi nílé ìwé, n kò sọ nílé. Mo ra òwú, mo tún un sín lálẹ́, mo ń wọ̀ ọ́ sílé, mo ń bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ìyá mi kò mọ̀ títí mo fi jáde. Ìyá Awo, ẹ bi ọmọ yín ohun tó fẹ́. Kì í ṣe níwájú bàbá rẹ̀ o. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ jà á dópin, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á tí kò lè sọ.

Baba Kòso

Ọmọ ọdún méjìlá kọ́ ni yóò sọ bóyá ìdílé rẹ̀ á sin Ifá. Bí a bá ń bi ọmọ, ìṣẹ̀ṣe á parẹ́.

Lọ́yà Agúnpopo

Baba mi, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti gbà wọlé, ní ọmọ fúnra rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn, òbí ló ń tọ́ ọ sọ́nà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ọmọ náà ló máa jẹ́ olùpẹ̀jọ́, bàbá á kàn dúró fún un ni. Adájọ́ á fẹ́ mọ̀ pé ọkàn ọmọ wà níbẹ̀. Ọmọ Awẹ́ sọ òótọ́.

Ìyá Awo, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Mo bi í lánàá nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní òun fẹ́ wọ ìdè òun, ohun tó ń dun òun ni pé wọ́n pè é ní oògùn, àwọn ọmọ kíláàsì ti wá ń sá fún òun. Ó ní CRK kò ni òun lára, ìtàn Jósẹ́fù tilẹ̀ dùn mọ́ òun, àmọ́ wọ́n máa ń ní kí òun gbàdúrà síta.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni. Mo ti gbọ́ ti Alhaja, mo sì gbà: kò yẹ kó fi sínú àpò.

Lórí CRK: ẹ má kàn ní kó máa jáde lásìkò iṣẹ́ náà, wọ́n á kọ òdo sí ìwé èsì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bóyá ẹ fẹ́ kó máa gbọ́ ẹ̀kọ́ náà bí ẹ̀kọ́ lásán láìgbàdúrà, tàbí ẹ kò fẹ́ rárá. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n sọ ibi tó máa wà lásìkò yẹn, láíbìrì tàbí ibòmíràn, àti bí wọ́n á ṣe ṣe èsì rẹ̀.

Bí ọ̀gá ilé ìwé kò bá dáhùn, ọ̀dọ̀ LIE ló kàn, ìyẹn alábẹ̀wò ilé ìwé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Sẹkitéríàtì, Ìbàdàn. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni.

Ìyá Awo, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ rèé, a ó ní kí ẹnì kan tú u sí Gẹ̀ẹ́sì:

"Sí Ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọ wa ní JSS 1 jẹ́ ẹlẹ́sìn Ìṣẹ̀ṣe, a sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìdè ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ àmì ẹ̀sìn rẹ̀, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, kì í sì í ṣe oògùn. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn lójú gbogbo ọmọ pé wọ́n á já a. A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́, bí ẹ ti ń gba àwọn ọmọ ẹ̀sìn mìíràn láyè. Ó lè jókòó ní kíláàsì CRK, àmọ́ kí wọ́n má fipá mú un gbàdúrà. Bí ẹ kò bá ṣe é láàárín ọjọ́ méje, a ó pàdé ní kóòtù."

Lọ́yà Agúnpopo

Ó dára gan-an. Ẹ yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ẹ fi "a ó máa retí èsì yín láàárín ọjọ́ méje" rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ dárúkọ abala 38(1) àti 38(2), ẹ má kọ orúkọ tíṣà náà síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu bí wọ́n bá béèrè. Ẹ̀dà méjì: ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tàbí kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tí ẹ máa mú padà sílé, kí ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lára rẹ̀.

Bó bá wá di kóòtù, ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 kò fi gbèdéke àkókò sí i, nítorí náà ẹ kò pàdánù nǹkankan bí ẹ bá kọ́kọ́ fi sùúrù kọ lẹ́tà. Legal Aid Council ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Alhaja Sábó

Ẹ má lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, orí ń gbóná níléèwé lọ́jọ́ náà. Túsìdeè, lẹ́yìn ìsinmi kékeré, ló dáa. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tẹ̀ lé yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Màá wọ hijab mi wá, kí wọ́n rí wa papọ̀.